Ẹni Tó Ń Wo Ẹ̀yìn Amọ̀kòkò

Èéfín koríko gbígbẹ ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn, kí n tó rí ìkòkò kankan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, oòrùn ń ta, atẹ́gùn etí òkun ń fa ìborùn mi bí ẹni pé ó fẹ́ gbà á lọ, ni èéfín náà bá gba ẹ̀yìn ilé kan wá bá mi. Ẹsẹ̀ mi dúró. Kúdí ọmọ mi tó ti ṣáájú bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Màmá, ṣé kò sí?” Mo ní kò sí. Kí ni ǹ bá sọ fún un? Èéfín yẹn, èéfín ẹbu ìyá ìyá mi ni, níbi tó ti ń mọ ìkòkò ní abúlé kan lẹ́yìn Wásinmi. Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ padà nígbà tí mo gbóòórùn rẹ̀ kẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè Fiẹtinámù ni mo sì dúró sí lọ́jọ́ náà o, kì í ṣe Ẹ̀gbá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe dé ibẹ̀, kí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí má baà sọ pé màmá ti ń ṣarán. Kúdí ni àbíkẹ́yìn mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Àníkẹ́ sí. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mo ti ń dá àbá àtilọ, àmọ́ bí a bá ti yanjú èyí, òmíràn á tún yọjú: ìsọ̀ aṣọ mi ní Òwu, àìsàn bàbá wọn, lẹ́yìn náà orúnkún mi. Nígbà tí wọ́n wá fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo di gàrí, mo di ẹ̀gúsí, mo di ẹja gbígbẹ, mo dágbére kiri àdúgbò bí ẹni tó tún ń lọ sí Mẹ́kà. Àwọn kan ní kí n rí i pé mo ya fọ́tò òkun wọn dáadáa. Òkun kọ́ ni mo ń lọ wò. Ọmọ ọmọ mi ni.

Inú fóònù nìkan ni Àníkẹ́ ti mọ̀ mí. Orí àti èjìká ló máa ń rí, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè mí. Nígbà tí mo wá yọ sí i lódindi ní pápákọ̀ òfurufú, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, tìdítìdí, tòun ti ẹrù, ọmọ náà ké, ó bọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá dọ̀la, á ti mojú mi. Ọ̀la dé, kò mojú mi. Èdè àwọn ará ibẹ̀ ló ń sọ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó gbọ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ ń sọ sí i yékéyéké, àmọ́ kì í fi í dáhùn. Mo fi bisikíìtì tàn án. Mo kọrin fún un. Mo tilẹ̀ jó, èmi àgbàlagbà, láàárín pálọ̀. Á gba bisikíìtì náà, á sì sá wọ yàrá. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó kí mi, ẹnu rẹ̀ á pa dé gbáà.

Mo ń rẹ́rìn-ín lójú wọn. Bó bá ku èmi nìkan, omi á bọ́ lójú mi. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù, n kò sì lè sọ ọ́ fún Kúdí: pé ọjọ́ tí mo máa padà ń sún mọ́lé, màá sì wọ ọkọ̀ òfurufú láìjẹ́ pé ọmọ ọmọ mi mọ̀ mí. Ta ló sì mọ̀ bóyá irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ tún wà níwájú fún ẹni tó ti dàgbà tó mi? Bí mo bá kú, wọn á sọ fún un pé Màmá inú fóònù ti kú, á ní háà, á sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Bí ilé ìwé wọn ṣe gba ọlidé, wọ́n ní ká jọ lọ sí ìpínlẹ̀ kan létí òkun, níhà gúúsù. N kò ní purọ́, ibẹ̀ dára. Iyanrìn rẹ̀ funfun, omi rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ń sá iyọ̀ sí gbangba pápá bí àwa ṣe ń sá láfún sórí àpáta. Ewúrẹ́ wọn ń gba àárín títì kọjá láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ní, àh, Kọ́bapẹ́ wa nílé rèé. Lórí òkè kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí ilé gogoro tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́, tí koríko ti hù ní ṣóńṣó rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Cham ló kọ́ wọn láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ní ọba tiwọn. Ọkọ Kúdí ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ohun tí wọ́n fi lẹ bíríkì yẹn mọ́ra. Ìjọba wọn ti lọ, àmọ́ àwọn ènìyàn náà ṣì wà nísàlẹ̀ òkè, wọ́n ń gbin ìrẹsì, wọ́n ń da ẹran, wọ́n ń hun aṣọ. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa. Mo rí mọ́ṣáláṣí kékeré kan létí ọ̀nà, mo ní kí wọ́n dúró, mo kírun Ásárì níbẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, obìnrin kan sálámà sí mi, inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n bi í pé agbo ilé wo ni tirẹ̀ ní Òwu.

Ní ọjọ́ kejì la dé abúlé àwọn amọ̀kòkò, níbi tí èéfín yẹn ti wá pàdé mi. Obìnrin kan tí yóò tó mi lọ́jọ́ orí wà lábẹ́ ibòòji. Ó gbé amọ̀ ka orí ìkòkò àgbà kan tó dojú dé, ó tẹ̀ba, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí amọ̀ náà ká, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yí i. Amọ̀ dúró sójú kan, ènìyàn ló ń yí. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá,” mo ti kí i kí n tó rántí pé kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbójú sókè, ó fi èdè tirẹ̀ fèsì, ó rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró. Wọ́n gbé àpótí fún mi, mo jókòó. Ara mi nìkan ló jókòó síbẹ̀ o. Èmi ti dé Wásinmi.

Ṣé ẹ rí i, èmi náà ti ṣe irú ohun tí Àníkẹ́ ń ṣe yẹn rí, mo sì ṣe é jù ú lọ. Ìyá mi bí ìbejì lọ́dún náà, ìbímọ ọ̀hún sì fẹ́ mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá pín àwa ọmọ kiri ọ̀dọ̀ ẹbí. Èmi ló bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Wásinmi, ìyá tó bí ìyá mi, tí n kò rí ju ìgbà Iléyá lọ. Bàbá mi mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Lafẹ́nwá. Ó ra àkàrà fún mi lójú fèrèsé, ó ra ọsàn, ó ń bá mi ṣàwàdà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláwàdà. Ó yẹ kí n ti fura. A sọ̀ ní Wásinmi, a fẹsẹ̀ rìn gba àárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko obì, títí a fi dé abúlé tí ilé ibẹ̀ kò pọ̀. Obìnrin kékeré kan, dúdú, jáde wá pàdé wa. Amọ̀ kùn ún lọ́wọ́ dé ìgúnpá, aáṣà wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ti lọ.

Mo sunkún. Mo nara sílẹ̀, mo yí nínú erùpẹ̀, ọmọ onísọ̀ aṣọ tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀. Ìgbà tí ẹkún kò wọlé, mo pa ẹnu mi dé. Mo pinnu pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọn yóò fi gbé mi padà sílé. Mo jẹun o, n kò fi ìyẹn ṣeré, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan kò jáde. Kò pẹ́ tí òkìkí fi kàn. Àwọn ará abúlé ń yà wá wo ọmọ Òwu tí kì í sọ̀rọ̀. Èyí mú gúáfà wá, tọ̀hún mú ìrèké wá, wọ́n á jókòó sí iwájú mi, wọ́n á máa bẹ̀ mí. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ mí ni mo ń le sí i. Ìyá kan ní odi ni mí. Òmíràn ní kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Ààfáà, kí wọ́n fọ hántú, omi ọ̀rọ̀ Kùránì, fún mi mu. Ìyá Wásinmi nìkan ni kò bẹ̀ mí. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, kò tíì rí ohun tó máa sọ ni.” Ó bá tiẹ̀ lọ sí ẹbu.

Ẹbu náà kò ju àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ lọ. Amọ̀ tí wọ́n wa létí odò wà níbẹ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á yọ òkúta inú rẹ̀, wọ́n á fi iyanrìn kíkúnná lú u. Ìkòkò tútù tò sí ibòòji: àmù tí wọ́n ń pọn omi sí, ìṣaasùn ọbẹ̀, ìkòkò àgbo. Ìyá Wásinmi á yí ṣùkù àgbàdo sí wọn lọ́rùn, ìyẹn ni ọ̀ṣọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sun wọ́n, wọ́n á kó igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n ní gbangba, wọ́n á sáná sí i. Bí wọ́n bá ti ń fi ọ̀pá gbé wọn jáde, tí wọ́n pọ́n bí ẹyin iná, wọ́n á wọ́n omi èèpo igi sí wọn lára, á máa ho ṣàà, òórùn kan á sì jáde tí n kò mọ bí mo ṣe lè júwe rẹ̀ fún yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju lọ́fínńdà lọ.

Ọjọ́ kan, ó fẹ́ mọ àmù ńlá kan. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí mo ṣe máa ń ṣe, mo dijú mọ́rí. Kò wò mí. Ó ṣán aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ amọ̀, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, dúró síbẹ̀ yẹn kí o máa wo ẹ̀yìn mi. Ojú mi ò sí lẹ́yìn.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kí wọ́n tó bí ìyá mi ló ti ń rìn bẹ́ẹ̀, kò sì ṣubú rí. Èmi rò pé bí mo bá ṣe àṣìṣe, àgbàlagbà yóò ṣubú lulẹ̀, àmù yóò wó lé e. Mo dìde. Mo la ojú mi sílẹ̀ kedere. Ó yí i ká, ó tún yí i ká. Ni adìẹ kan bá kó ọmọ rẹ̀ gba abẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń jẹ̀ bọ̀ ní tààrà ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Mo wò ó bóyá ẹlòmíràn yóò sọ fún un. Kò sí ẹlòmíràn. “Ìyá, adìẹ!”

Ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo, kò dì mọ́ mi, kò pe ará abúlé pé ẹ wá gbọ́. Ó ní, “O ṣeun. Kò sí mìíràn?” Mo ní òkúta kan wà. Mo ní okùn kan wà. Mo ní ẹsẹ̀ ìyá mi wú kó tó bímọ, pé wọn ò jẹ́ kí n rí àwọn ìbejì náà, pé bàbá mi kò dágbére fún mi. Ó ń yí amọ̀ ká, ó ń ní, “Ẹn-ẹn. Ẹn-ẹn.” Láti ọjọ́ náà, ẹnu mi kò tíì pa dé, ẹ bi àwọn oníbàárà mi. Ìgbà tí bàbá mi padà wá mú mi pé ilé ìwé ti fẹ́ wọlé, ẹ̀yìn Ìyá Wásinmi ni mo sá sí, ọwọ́ èmi náà ti kún fún amọ̀.

Mo gbójú sókè lórí àpótí tí mo jókòó sí. Àníkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ìka lẹ́nu, ó tẹjú mọ́ obìnrin tó ń fẹ̀yìn rìn. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn tí mo ti ń fi orin àti bisikíìtì bẹ ọmọ náà, mo ti di ará abúlé tó gbé gúáfà wá! Mo ní kí Kúdí bá mi tọrọ amọ̀ lọ́wọ́ ìyá yẹn. Ó ní, “Màmá, orúnkún yín ńkọ́?” Mo ní kó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ìṣù amọ̀ kan ka ibi tí tirẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó fi ìkúùkù dá ihò sí i láàárín, ó yẹra fún mi. Mo ká apá aṣọ mi, mo ṣán ìró mi. Mo fọwọ́ kan amọ̀ náà, ó tutù, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. N kò wo Àníkẹ́. N kò rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, “Àníkẹ́, máa wo ẹ̀yìn mi. Ojú mi ò sí lẹ́yìn.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.

Mo yí i ká, orúnkún mi ń pariwo, amọ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọwọ́ mi. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, Ọlọ́run, bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú báàgì mi. Mo tún yí i ká. Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń rìn lórí koríko gbígbẹ lẹ́yìn mi, n kò bojú wẹ̀yìn. Mo gbé ẹsẹ̀.

“Màmá! Ewúrẹ́!”

Kúdí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ ò mọ bó ṣe wù mí tó láti sáré gbá ọmọ yẹn mọ́ra, tamọ̀tamọ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sún ẹsẹ̀ mi, ewúrẹ́ náà kọjá, mo ní, “O ṣeun. Kò sí mìíràn?” Ó ń wò káàkiri. “Omi,” ó ní. “Omi wà níbẹ̀ yẹn.” Lóòótọ́, bàsíà omi wà níbẹ̀. Mo yà fún un. Nígbà tí mo fi yípo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ti na ìka kan, ó fẹ́ fọwọ́ kan amọ̀ náà. Ẹnu ìkòkò tí a jọ mọ wọ́ síhìn-ín wọ́ sọ́hùn-ún, ìyá Cham yẹn sì fi wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kúdí túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé ó ní òun yóò sun ún mọ́ tòun. Bóyá ó fọ́ nínú iná, bóyá kò fọ́, n kò mọ̀.

Mo ti délé báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n wà mí lọ sí abúlé náà lẹ́yìn Wásinmi. Ẹbu ìyá àgbà ti di oko ẹ̀gẹ́. Omi kànga ẹ̀rọ wà níbẹ̀, dúrọ́ọ̀mù oníke wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ru àmù láti odò rí kò ní sọ pé oníke kò dára. Kò sẹ́ni tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ mọ́. Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń bọ̀, mo rí ìyá kan tó ń ya ẹ̀fọ́, ọmọ kékeré kan tó fajú ro jókòó tì í, ìyá yìí kò wò ó, ó kàn na ẹ̀fọ́ sí i pé kó bá òun di orí rẹ̀ mú. Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà bi mí pé kí ló dé.

Àmọ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn létí òkun yẹn ni mo fẹ́ sọ kí n tó dákẹ́. Wọ́n ní ká gun òkè lọ wo ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro bíríkì náà, nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀. Àníkẹ́ sáré gùn ún lọ sáré gùn ún bọ̀, ó ń sọ ohun gbogbo tó bá rí fún mi, ìdajì Yorùbá, ìdajì èdè tí n kò gbọ́, mo ń ní, “Ẹn-ẹn.” Mo fọwọ́ kan bíríkì náà, ó ṣì gbóná. Mo ro ti àwọn tó sun ún, tí orúkọ wọn ti sọnù, àti ti ìyá tó wà nísàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún tó ń fẹ̀yìn rìn. Ìgbà tó yá ni a ní ká máa sọ̀kalẹ̀. Àníkẹ́ wo àtẹ̀gùn náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó wá dúró síwájú mi, ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè.

“Màmá, ẹ pọ̀n mí.”

Kúdí ní ọmọ ọdún mẹ́fà ti tóbi jù, ó ní kí bàbá rẹ̀ gbé e. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, kì í ṣe àwọn ló bẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn mi, mo fi ìborùn mi gbà á, mo so ó dáadáa ní àyà. Ọkọ Kúdí ń rìn níwájú bí ó bá di pé n ó yọ̀, Kúdí ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń fọn imú. Mo ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí a tó dé ìsàlẹ̀, ó ti sùn.